Lẹ́tà ṣíṣí sí Màmá tó gba ibi ọmọ lọ́wọ́ mi ní kọ́rídọ̀ ọsibítù

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ tuntun, ẹ sì kú òtútù.

Mi ò mọ orúkọ yín. Mo mọ ti ọmọ yín torí pé ó wà lórí fọ́ọ̀mù, àmọ́ òfin iṣẹ́ wa ò gbà kí n máa wá a kiri lórí Facebook, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síta gbangba báyìí, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín á rí i lórí fóònù kó sì kà á sí yín létí. Èmi ni ọmọbìnrin tó gbé kúlà búlúù dání ní kọ́rídọ̀ ọsibítù yẹn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, lóṣù kejì, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde fún ọmọ yín. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú kan tó tóbi jù yín lọ lórí ìró àti bùbá, fúlásíkì ògì wà lórí ẹsẹ̀ yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ ní "ọmọ Yorùbá nìyí kẹ̀, Ọlọ́run ṣeun o", ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ò tètè fi í sílẹ̀.

Ẹ wá bi mí pé kí ló wà nínú kúlà. Mo ní "ibi ọmọ ni mà, a fẹ́ lọ fi ṣe test". Màmá, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu mi ló fà á. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n fẹ́ lọ fi ibi ọmọ-ọmọ ẹ̀ ṣe test, kí ni kó rò? Ẹ ní "test kí ni? ṣé ara ọmọ ò yá ni?" mo ní rárá o, ara ọmọ le koko, ìwádìí lásán ni. "Ìwádìí lásán!" Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọmọ yín ti sáìn fọ́ọ̀mù láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ní kílíníkì, àmọ́ ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń rán an lọ́wọ́, kò sí bí mo ṣe lè wọlé lọ bi í pé màmá yín ló ń gbà á o. Òfin ibí gbà kí ìyá gbé ibi ọmọ ẹ̀ lọ sílé tó bá wù ú. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí ń wo ojú mi, èmi ń wo aago. Iṣẹ́jú 11 ti lọ. Mo gbé e fún yín. Wọ́n fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e, ẹ sì kì í sínú báàgì tí ẹ fi gbé oúnjẹ wá.

Ẹ ti ń lọ kí ẹ tó yíjú padà. Ẹ ní "ìwọ tó o kàwé, àgbo tí mo ń fi ránṣẹ́ sí i látìgbà tó ti lóyún, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú?"

Mo ní mi ò mọ̀ mà. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń padà lọ sí láàbù pẹ̀lú kúlà òfìfo lẹ́sẹ̀ mi ló tó là sí mi pé ìbéèrè yẹn gan-an niṣẹ́ tí mò ń ṣe látọdún yìí wá, pé inú náílọ́ọ̀nù tí ẹ gbé lọ nìdáhùn ẹ̀ wà. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Kì í ṣe pé ẹ gbà á ló dùn mí tó bíi pé mi ò ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé báyìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń ṣàn wọ inú ọmọ tààrà. Irọ́ ni. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ méjèèjì kì í pò pọ̀ títí dọjọ́ ìbí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń yí àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ibi ọmọ ká bí omi odò ṣe ń yí gbòǹgbò ojú oró ká, ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà nínú àwọn ẹ̀ka yẹn, awọ fẹ́lẹ́ kan ló là wọ́n láàárín, awọ yẹn sì ń tín-ín-rín sí i bí oyún ṣe ń dàgbà. Èyí tí ẹ gbé dání lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò lè ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo ẹ̀ka ẹ̀ sílẹ̀, á kún rúùmù 10 by 12. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ẹran lásán.

Awọ yẹn ni bodè. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ́ kọjá rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan wà tí wọn ò dá dúró rárá, wọ́n á kàn rìn kọjá: atẹ́gùn, ọtí, nikotíìnì inú sìgá. Àwọn kan ní géètì tiwọn, ṣúgà ní géètì tiẹ̀. Àwọn kan wà tí ọmọ fúnra ẹ̀ rán mọ́tò wá gbé, irú ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà tí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, awọ yẹn á dì í mú, á gbé e kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún aboyún lábẹ́rẹ́ tó sì jẹ́ pé ọmọ ló ń gbà là. Àwọn kan tóbi jù, wọ́n á dá wọn padà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó ń jẹ́ heparin kì í kọjá, èkejì ẹ̀ tó ń jẹ́ warfarin ń kọjá, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dọ́kítà á tètè yí i padà fún obìnrin tó bá lóyún. Àwọn kan sì tún wà tó jẹ́ pé wọ́n ti wọlé tán, pọ́ǹpù kan lára awọ yẹn á tún tì wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyá.

Fàyàwọ́ náà wà níbẹ̀ o. Ìlú kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Minamata, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ da mákúrì sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, àwọn èèyàn jẹ ẹja, ní 1956 ni wọ́n kéde àìsàn ọ̀hún. Àwọn ọmọ kan wá ń jáde látinú oyún tí wọn ò lè jókòó, wọn ò lè sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fi ẹja kan ẹnu rí, ara ìyá wọn sì le. Àwọn dọ́kítà ìgbà yẹn ní kò lè jẹ́ ẹja, ibi ọmọ á ti dá májèlé dúró, ohun tí gbogbo wọn kọ́ nílé ìwé nìyẹn. Ó di 1962 kí wọ́n tó gbà pé inú oyún ni mákúrì ti bá àwọn ọmọ. Bó ṣe ń kọjá ni pé ó máa ń so mọ́ nǹkan míì nínú ẹ̀jẹ̀, á wá fara jọ oúnjẹ tí ọmọ nílò, oníbodè á ṣí géètì fún un tọwọ́tẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé èyí tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ju ti ìyá lọ.

Màmá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rí ẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń tọ́jú ìwọ́ ọmọ. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á kó o sínú àpótí igi kékeré, á wà nínú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Harada Masazumi ló lọ ń bẹ àwọn ìyá yẹn nílé-nílé pé kí wọ́n yá òun ní ìwọ́ ọmọ wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá mákúrì nínú ẹ̀. Ohun tí àṣà ní kí wọ́n tọ́jú ló padà wá jẹ́rìí fún ọmọ wọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, yín ni mo rántí pẹ̀lú báàgì oúnjẹ yín.

Ẹ lè ní ṣebí ẹranko wà, kí wọ́n fi ẹranko wò ó. Ẹ ti rí ibi ewúrẹ́ rí abi? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n to bọ́tìnnì sára aṣọ, kò rí pẹlẹbẹ bíi tèèyàn, ti àgùntàn náà rí bẹ́ẹ̀, ìpele tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ ìyá àti tọmọ lára wọn sì pọ̀ ju tiwa lọ. Oyún eku ò ju nǹkan bí ọjọ́ 20 lọ, kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ 20 wò nínú oyún oṣù mẹ́sàn-án? Ní 1957 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan ní Jámánì tó ń jẹ́ thalidomide, oògùn oorun ni, eku mu ún kò kú, wọ́n ní kò léwu, aboyún wá ń lò ó fún èébì àárọ̀. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní ìparí 1961, ọmọ tó lé ní 10,000 káàkiri ayé ló ti bá a lọ, apá kúkúrú, ẹsẹ̀ kúkúrú, àwọn míì ò ní rárá. Nígbà tí wọ́n wá padà fún eku tó lóyún, ọ̀pọ̀ ò fi nǹkan kan hàn. Ehoro ló fi hàn. (Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń yẹ oògùn wò fún ìjọba, tó ń jẹ́ Frances Kelsey, ló jókòó lé fáìlì oògùn yẹn, ó ní òun ò ní sáìn. Irú wọn ṣọ̀wọ́n.) Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí ẹranko ní, ibi ọmọ wà lára èyí tó yàtọ̀ síra jù láti orí ẹranko kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lébà rúùmù bí agbowó-orí.

Ohun tí à bá fi èyí tí ẹ gbé lọ yẹn ṣe nìyí. Láti ìgbà tó bá ti jáde, ààbọ̀ wákàtí la ní, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo máa sáré dé láàbù, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú tíréè, ojú tó kọ sí ọmọ á wà lókè, ìyẹn ojú dídán tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rí lórí ẹ̀ bí gbòǹgbò igi. Lẹ́yìn ẹ̀ lódì kejì, ó pín sí bí ìpín 20, bí ìgbà tí ẹ fi ọwọ́ bu fùfú sójú kan. Mo ń wá ìpín kan tí kò ya. Ẹyọ kan péré. Màá wá iṣan méjì tó bá ìpín yẹn lọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ látara ọmọ àtèyí tó ń gbé e padà, màá ti rọ́bà tín-ín-rín bọ inú wọn, màá fi òwú dè wọ́n, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n mọ́ báyìí àmọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ ńkọ́, ẹ máa ṣàánú mi. A wá tan pọ́ǹpù. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ á máa jáde lọ díẹ̀díẹ̀, ibì kan ṣoṣo náà á máa funfun láàárín gbogbo pupa tó yí i ká, bí ìgbà tí òṣùpá ń yọ. Ìgbà tó bá ti funfun báyẹn ni mo máa ń mí kanlẹ̀. A ó wá dojú ẹ̀ dé, a ó ki àwọn abẹ́rẹ́ tí ẹnu wọn kú wọ ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn ni yóò máa ṣe bí ìyá. Pọ́ǹpù méjì, ìyá lọ́tùn-ún, ọmọ lósì, omi tó rí bí omi ara, atẹ́gùn, ìgbóná 37 tó jẹ́ ti ara èèyàn, gbogbo ẹ̀ á máa lọ fún wákàtí mélòó kan. Tí a bá wá fi oògùn sí ọ̀dọ̀ ìyá, a ó máa bu omi ọ̀dọ̀ ọmọ wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ṣé ó ti dé? èló ló dé? A máa ń fi nǹkan míì tó ń jẹ́ antipyrine sí i pẹ̀lú, a mọ̀ pé òun ń kọjá dáadáa, òun la fi ń díwọ̀n àwọn tókù. Tí antipyrine ò bá kọjá, a jẹ́ pé àwa la ò ṣe é dáadáa, oògùn ò jẹ̀bi.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣiṣẹ́. Omi tí a fi sọ́dọ̀ ọmọ á máa jò, ìyẹn túmọ̀ sí pé awọ ti ya níbì kan, a ó dà á nù. Nínú ibi ọmọ márùn-ún tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, tí ẹyọ kan bá dúró dópin mo ti jó. Ìdí tí mo fi ń wo aago lójú yín nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ já ọ̀rọ̀ yín gbà.

Schneider, Panigel àti Dancis ló kọ nípa irú ọ̀nà yìí ní 1972, àwọn náà lo antipyrine, títí dòní bí wọ́n ṣe ṣe é náà lọ̀pọ̀ wa ń ṣe é. Lóòótọ́ ọ̀nà míì wà tí kò nílò pé kéèyàn máa dúró ní kọ́rídọ̀. Àwọn kan ń lo sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ BeWo, wọ́n á gbìn ín sórí awọ oníhò wẹ́wẹ́ nínú kọ́ọ̀bù kékeré, òkè ẹ̀ nìyá, ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọmọ. Ó rọrùn, ó wà nínú fíríjì ńlá, ẹ lè mú un nígbà tó bá wù yín. Àmọ́ jẹjẹrẹ ni. Látara jẹjẹrẹ ibi ọmọ ni wọ́n ti mú un ní 1968, kì í ṣe ibi ọmọ gangan, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, ó dá wà ni. Ẹni méjì tó gbìn ín nígbà yẹn, ọ̀kan ń jẹ́ George Gey, òun náà ni láàbù ẹ̀ gbin sẹ́ẹ̀lì Henrietta Lacks ní Baltimore ní 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú nǹkan lára ẹ̀ láìbi í, tí gbogbo ayé ń lò ó dòní tí àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì mọ̀ fún ogún ọdún. Èkejì ń jẹ́ Roland Pattillo, dọ́kítà aláwọ̀ dúdú, òun ló wá padà ra òkúta sórí sàréè obìnrin yẹn ní 2010, torí kò ní òkúta lórí látọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Mo ń sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ojú tí ẹ fi wò mí ní kọ́rídọ̀ yẹn, ojú ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa ń gba nǹkan wa lọ, ẹ ò ṣèṣì.

Àwọn ará Yunifásítì Pennsylvania tún ti ṣe ibi ọmọ kan tí kò ju flash drive lọ ní 2016, ihò méjì nínú rọ́bà, sẹ́ẹ̀lì awọ ibi ọmọ lápá tìyá, sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọ lápá kejì, omi ń sàn nínú méjèèjì. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ní 2018 àwọn ti Cambridge mú ibi ọmọ oyún kékeré, wọ́n gbìn ín títí ó fi di òkìtì róbótó-róbótó tó ń dàgbà fúnra ẹ̀, àwọn kan ní Vienna lórílẹ̀-èdè Austria náà ṣe tiwọn lọ́dún yẹn. Ìyẹn lè ràn wá lọ́wọ́ lórí oyún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, torí ibi ọmọ tí mò ń gbà ní kọ́rídọ̀, oyún tó ti pé ni, kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí awọ yẹn ṣì nípọn fún mi. Àmọ́ róbótó yẹn, ojú tó yẹ kó kọ sí ìyá ló kọ sínú, bí aṣọ tí wọ́n yí inú ẹ̀ sóde, ẹ wá wo bí wọ́n á ṣe rọ oògùn sí ọ̀dọ̀ ìyá nígbà tó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún nìyá wà.

Kí ẹ má rò pé mò ń polówó ọjà mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí tèmi náà ti kùnà. Oògùn àtọ̀gbẹ kan wà, glibenclamide, ọ̀pọ̀ yín nílé mọ̀ ọ́n sí Daonil. Ní 1991 àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé e sínú ẹ̀rọ bí èyí, wọ́n ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá rárá. Inú gbogbo èèyàn dùn, torí tí kò bá kọjá, aboyún tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè gbé e mì dípò kó máa gún ìnsúlíìnì lójoojúmọ́. Ní 2000 wọ́n fún àwọn aboyún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àwọn ọmọ wọn wò, wọ́n ní àwọn ò rí i níbẹ̀. Ó wá di 2009, àwọn míì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ojú ẹ̀ mú ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n bá a nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, nǹkan bíi 70 nínú 100 èyí tó wà lára ìyá. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wá abẹ́rẹ́ látọjọ́ yìí. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé láàbù ti sọ pé kò kọjá, ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ohun míì sì ni pé kí nǹkan kọjá yàtọ̀ sí kó ṣe ọmọ níbi. Oògùn AIDS tó ń jẹ́ AZT ń kọjá wuuru, a sì fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí ní 1994 wọ́n rí i pé tí ìyá bá lò ó, tí ọmọ náà sì lò ó lẹ́yìn ìbí, ọmọ tó ń kó àrùn yẹn látara ìyá á já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 25 nínú 100 sí 8. Òmíràn tó ń jẹ́ dolutegravir náà ń kọjá, ní 2018 ẹ̀rù ba gbogbo ayé nípa ẹ̀ nítorí ọmọ mẹ́rin nínú 426 ní Botswana tí eegun ẹ̀yìn tàbí orí wọn ò pàdé dáadáa, àmọ́ bí ìyá tí wọ́n ń kà ṣe ń pọ̀ sí i ni iye yẹn ń wálẹ̀, nígbà tó fi máa di 2019 WHO ti ní kí gbogbo èèyàn máa lò ó. Kò sí pọ́ǹpù tó lè sọ ìyẹn fún wọn. Kíkà ni wọ́n ka ọmọ.

Ó wá ku àgbo yín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a rò, mo ní ṣebí kí n kàn se é kí n dà á sínú ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà nínú ìgò Ragolis kọ́ ló ń dé ibi ọmọ, Màmá. Inú á kọ́kọ́ dà á, ẹ̀dọ̀ á tún gbà á tún un ṣe, àwọn kan á ti sọnù sójú ọ̀nà, àwọn kan á ti di nǹkan míì pátápátá, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ló yẹ kí n gbé síbẹ̀. Àti pé àgbo kì í ṣe ẹyọ kan. Kí ló wà níbẹ̀, èèpo igi mélòó, ewé wo, ṣé omi ni wọ́n fi rẹ ẹ́ ni àbí omidùn àbí ògógóró? Tó bá jẹ́ ògógóró, ẹ má wulẹ̀ dúró de ẹ̀rọ mi, ọtí ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ìyá, kò dá dúró ní bodè kankan, ìyẹn ti dájú tipẹ́. Ohun kejì tó dájú ni ńsù, èyí táwọn kan ń pè ní Calabar chalk tí aboyún fi ń pa ìtọ́ ẹnu. Ó wà lọ́jà níbí náà, ẹ̀gbẹ́ ẹja gbígbẹ ni wọ́n máa ń tò ó sí, Food Standards Agency ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti kìlọ̀ fún aboyún pé òjé wà nínú ẹ̀. Òjé ń kọjá o Màmá. Irú òjé yẹn ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010 níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà. Tẹ́ ẹ bá ti kó ńsù mọ́ ẹrù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó dà á nù, àtèyí tó bá ń rà fúnra ẹ̀.

Àwọn tókù, mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ ṣe bí àwọn dọ́kítà tí wọ́n ń pariwo mọ́ aboyún pé àgbo burú láìmọ ewé kan nínú ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi mọ̀ ni pé iye owó ìwádìí tó bá wọlé, oògùn tí ilé iṣẹ́ fẹ́ tà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé sínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń sanwó kí n wo èèpo tó wà nínú ike kọ́sítáàdì yín. Kí ẹnì kan tó lè wò ó, ẹ ó ní láti kọ orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún un. Bí ẹ ò bá fẹ́ kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́, ẹ mú èèpo ọ̀hún wá ní tútù pẹ̀lú ewé lára ẹ̀, ẹni tó mọ igi á wo orúkọ ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò tóbi. Ẹ yá mi ní wákàtí mẹ́rin. Mo lo ẹyọ kan nínú ìpín 20, ìyókù wà bó ṣe wà, àmọ́ bí nǹkan ṣe rí ní ibi iṣẹ́ wa báyìí, tí a bá ti lò ó tán inú àpò ìdọ̀tí ọsibítù ló ń lọ, wọ́n á sun ún. Ibi ọmọ ọmọlọ́mọ. Ìgbà tí ẹ ní "ìwádìí lásán" yẹn ni mo rántí pé ekejì ọmọ la máa ń pè é nílé wa, mo sì ti ń dá a síná fún ọdún mẹ́ta láìrò ó wò. Mo ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí irú nǹkan báyìí níbi iṣẹ́ wa pé kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù, tí ẹbí bá ní àwọn ń fẹ́ ẹ padà, kí n dá a padà nínú ike tó ní ìdérí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ní kílíníkì, kì í ṣe ní kọ́rídọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ àlàyé. Wọn ò tíì dáhùn. Wọ́n á ní kí ẹni tó bá gbà á wọ ìbọ̀wọ́ torí oògùn tó wà nínú ẹ̀, kó sì rì í jìn, ìyẹn ò le.

Mo sì ń ronú nípa ilé. Àwọn ọsibítù ńlá wa ní Nàìjíríà, inú náílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n ń di ibi ọmọ sí fún bàbá ọmọ lójoojúmọ́, ó ń wá ọ̀kadà gbé e lọ sílé. Pọ́ǹpù méjì, omi gbígbóná, sílíńdà atẹ́gùn, iná tí kò ní lọ fún wákàtí mélòó kan, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ní inverter tó dáa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mu àgbo ló yẹ kí ẹ̀rọ tó máa dáhùn ọ̀rọ̀ àgbo wà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá, kí wọ́n lò ó, kí bàbá ọmọ jókòó jẹun ní kàntíìnì kó tó gbé e lọ sin.

Lọ́jọ́ kejì tí a pàdé mo pe ìyá tèmi lórí WhatsApp, mo ní níbo lẹ rì tèmi sí. Ó kọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo ti lóyún ni. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán ó ní ẹ̀yìn ilé bàbá mi àgbà ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, àmọ́ wọ́n ti gé ọsàn yẹn, wọ́n ti da kọnkéré sí i, jẹnẹrétọ̀ àbúrò bàbá mi ló wà lórí ẹ̀ báyìí.

Ó wá ku nǹkan kan tí mo fẹ́ bi yín látọjọ́ yẹn. Mo mọ àdúgbò tí ọmọ yín ń gbé, àwọn ilé ibẹ̀ ga sókè, kò sí gáádìnì, ilẹ̀ oṣù kejì sì le bí òkúta nílẹ̀ yìí. Màmá, níbo lẹ rì í sí?